Adéníyì Thomas, Awakọ̀ Òfúrufú Ọmọ Èkó

Láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Lẹ́kí àti Ajah, ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ òfúrufú ń kọjá lójú sánmà, àwọn ọmọdé kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbójú sókè wò ó mọ́. Ṣùgbọ́n kí ogun Hitler tó bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, òfin Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí aláwọ̀ dúdú di ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú wọn. Ìbáà gbọ́n, ìbáà láyà, àwọ̀ ara rẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ wò. Kò pẹ́ tí ogun bẹ̀rẹ̀ tí ìjọba fi gbé òfin náà tì sí ẹ̀gbẹ́ kan, títí ogun yóò fi parí. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní àánú o. Ènìyàn ni wọ́n ń wá lójú méjèèjì.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó gba ẹnu ilẹ̀kùn náà wọlé ni Emanuel Peter John Adéníyì Thomas. Baba rẹ̀ jẹ́ oníṣòwò pàtàkì, ọmọ Sàró tí ó fi Èkó ṣe ilé. Stella, arábìnrin rẹ̀, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di adájọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní 1943. Ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ìbá jókòó jẹ́ẹ́ kí ogun kọjá. Adéníyì kò jókòó. Ní 1942, ó gba oyè ọ̀gá, òun sì ni ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àkọ́kọ́ tí a fún ní irú oyè náà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfúrufú. Nínú ogun yìí kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà fi ẹsẹ̀ rin igbó Burma lábẹ́ àwọn ọ̀gá aláwọ̀ funfun.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1945, ìjàǹbá ọkọ̀ òfúrufú pa á. Ọta ìbọn Jámánì kọ́ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀tá nìkan ní í pa àwọn awakọ̀ ogun, ṣùgbọ́n nígbà òtútù, kùrukùru a máa bo orí òkè mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, gbogbo ìlú a pa iná kí ọ̀tá má baà rí wọn, awakọ̀ tiwọn pàápàá kò sì ní í rí ilẹ̀. Nínú àwọn tí ń gbé bọ́ǹbù nìkan, ó lé ní 55,000 ènìyàn tí ó kú. Ó lé ní 8,000 nínú wọn tí ìjàǹbá pa.

Ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sin Adéníyì sí. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún náà, Jámánì túúbá.