Tutu: Ọmọ Ifẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 'Mona Lisa Áfíríkà'

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí obìnrin yìí rí láìmọ orúkọ rẹ̀: ó wé gèlè, ọrùn rẹ̀ gùn, ó yíjú díẹ̀, ó ń wò yín bí ẹni tó mọ ohun tí ẹ̀yin ò mọ̀. Èmi gan-an, inú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Àkútè níbí ni mo ti kọ́kọ́ fara balẹ̀ wò ó.

Ta ni Tutu?

Adétutù Adémilúyì ni, ọmọ-ọmọ Ọọ̀ni kan. Ben Enwonwu, ọmọ Oníṣà tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, ló yà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló yà á, láàárín 1973 sí 1974.

Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1970 ni. Ọmọ Ìgbò wá mú búrọ́ọ̀ṣì, ó fi iyì àti ẹwà ya ọmọ Yorùbá. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi sọ ọ́ di àmì ìlàjà.

Kí ló dé tí ojú ò fi lè kúrò lára rẹ̀?

Bíi ti Mona Lisa tí Leonardo da Vinci yà, kò rẹ́rìn-ín tán, kò sì bínú. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn, ìmọ́lẹ̀ wá bà lé ojú rẹ̀. Kò sí wúrà, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ ńlá, síbẹ̀ ẹ máa mọ̀ pé ọmọ ọba ni.

Olè tún pa àwọn méjèèjì pọ̀. Wọ́n jí Mona Lisa ní 1911, wọ́n rí i ní 1913. Wọ́n jí Tutu kan ní 1994, ọdún tí Enwonwu kú. Ó pẹ́ táwọn èèyàn ti gbà pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti sọnù, àfi ìgbà tí wọ́n rí ọ̀kan nínú ilé ẹbí kan ní London. Àwọn tó ni ín ò mọ iye tó tó! Ní February 28, 2018, wọ́n tà á ní gbàǹjo Bonhams ní £1,205,000.

Méjì ṣì kù. Èyí tó wà lára ògiri yín, bébà ni o, ẹ má tíì pariwo. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó ẹrù àgbà dànù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ná.