Àṣá Ilẹ̀ Jàpáànù Lójú Ọ̀nà Bukuru: Àbọ̀ Wa Lórí Alùpùpù Suzuki Hayabusa

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìgbéyàwó tàbí ti ìsọmọlórúkọ. Ẹ óò rí ìwọ̀nyẹn ní ojú ewé tí ó kàn. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ni. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín.

Méjì nínú àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa ni wọ́n kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ àjẹṣẹ́kù pé kí a yá àwọn lówó láti ra irú alùpùpù ńlá tí gbogbo ènìyàn ń pè ní páwà báìkì. Àwọn ìyá wọn gbọ́, wọ́n ní àwọn kò gbà. Àwọn bàbá kan ní owó ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ra pósí fún ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ náà ní àwọn àgbà ń bẹ̀rù ohun tí wọn kò mọ̀, nítorí pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó ti jókòó lórí irú rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ sọ yìí kì í ṣe irọ́. Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ ṣe ní kí àwa tí ń kọ ìwé yìí lọ gun ọ̀kan, kí a fi ara wa mọ̀ ọ́n, kí a sì wá jábọ̀. Àbọ̀ náà nìyí.

OHUN TÍ Ó JẸ́

Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Abuja, ni ó gbé tirẹ̀ wá nígbà tí ó wá kí àwọn òbí rẹ̀. Suzuki Hayabusa ni. Hayabusa ni àwọn ará Jàpáànù ń pe irú àṣá kan. Bí àṣá yìí bá rí ẹyẹ tí yóò pa, tí ó ká ìyẹ́ mọ́ra tí ó sì já wálẹ̀ láti òkè, eré rẹ̀ a máa ju kìlómítà 300 ní wákàtí kan lọ. Kò sí ẹ̀dá mìíràn tí ó ń yára tó o. Orúkọ yẹn ni ilé iṣẹ́ Suzuki fún alùpùpù yìí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1999.

Suzuki alára kò fi alùpùpù bẹ̀rẹ̀. Ní 1909, òfì tí wọ́n fi ń hun aṣọ ni Michio Suzuki ń ṣe ní ìlú Hamamatsu. Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn tí ẹ wà láàárín wa, ẹ gbọ́ bí? Ọ̀dọ̀ ẹni tí ń kan òfì ni àṣá yìí ti fò wá. Ó di 1952 kí ilé iṣẹ́ náà tó so ẹ́ńjìnnì kékeré kan, 36 cc péré, mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere.

Èyí tí a gùn jẹ́ ẹ̀dà kẹta, tí wọ́n fi han ayé ní oṣù kejì ọdún 2021. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1340 cc, sìlíńdà mẹ́rin ni ó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, agbára rẹ̀ sì tó ti ẹṣin 190. Ọ̀kadà tí ń gbé wa lọ sí ọjà, púpọ̀ nínú wọn kò ju 100 cc lọ, agbára wọn kò sì ju ti ẹṣin bíi 8 lọ. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: agbára ọ̀kadà mẹ́tàlélógún ni wọ́n kó sáàárín ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo. Pẹ̀lú epo nínú, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 264, èyí tí ó ju àpò símẹ́ńtì márùn-ún lọ. Ní ti owó, nígbà tí ẹ̀dà yìí kọ́kọ́ dé ọjà Amẹ́ríkà, dọ́là 18,599 ni wọ́n pè é. Kí ẹ tó fi owó ọkọ̀ ojú omi àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù kún un nìyẹn.

BÍ Ó TI RÍ LÁBẸ́ WA

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni a jáde, kí ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì. A wọ akoto tí ó bo gbogbo ojú, a wọ ẹ̀wù awọ, ìbọ̀wọ́ àti bàtà tí ó kọjá ọrùn ẹsẹ̀; ọmọ wa yìí ní láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun kò ní fún wa ní kọ́kọ́rọ́. Ọgbọ́n ni kẹ̀kẹ́ yìí ní bí ènìyàn. Kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀ tí a lè sọ fún bí a ṣe fẹ́ kí agbára rẹ̀ máa jáde, A, B tàbí C. Ti A ni ó gbóná jù, ti C ni ó rọ̀ jù. Ọmọ náà fi í sí C, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún àgbà inú wa, ẹni tí ó ti ń gun alùpùpù fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi, ẹ má fún un níná lójijì. Ẹ jẹ́ kí ó mọ ọwọ́ yín, kí ẹ̀yin náà mọ tirẹ̀.”

Láàárín ìlú, a kò gbádùn rẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó jókòó lórí rẹ̀ a máa tẹ̀ síwájú bí ẹni tí ń lọ ata lórí ọlọ, gbogbo ìwọ̀n ara rẹ̀ a sì dà sí ọrùn ọwọ́. Bí a bá fẹ́ yí i padà ní ọ̀nà tóóró, ó ń gba àyè bí ọkọ̀. Ní gbogbo ibi tí gálọ́ọ̀pù wà, a ní láti rọra gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tí ó ru omi. Ọlọ́kadà mẹ́ta ni ó kọjá lára wa kí a tó jáde ní ìlú, ọ̀kan sì bú sẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọjá Bukuru tí ọ̀nà là níwájú wa, ó di ohun mìíràn. Ìwọ̀n àpò símẹ́ńtì márùn-ún pòórá. A fi í sí B, a sì fún un níná díẹ̀. Kò pariwo, kò gbọ̀n, kò janpata. Ẹ jẹ́ kí a tẹnu mọ́ ibi yìí, nítorí pé òun gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ. Ọ̀kadà tí gbogbo wa mọ̀, bí ó bá ti ń sún mọ́ 80, a máa gbọ̀n, a máa ké, afẹ́fẹ́ a máa gbá ènìyàn láyà, gbogbo ara rẹ̀ ni ó ń sọ fún ẹni tí ń gùn ún pé, “Ó tó gẹ́ẹ́.” Èyí kò sọ nǹkan kan. A rò pé 50 ni a wà. A wo agogo tí ń ka eré: 95.

Nígbà tí ó yá, a fi í sí A ní ibi tí ọ̀nà gùn gbọọrọ tí a sì rí iwájú dé òpin. A dúró jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà a tú u sílẹ̀. Kí ènìyàn tó ka ení, èjì, ẹ̀ta tán, a ti dé 100, a kò sì tíì yí jíà kìn-ín-ní kúrò. Ọrùn wa fà sẹ́yìn, igi ẹ̀bá ọ̀nà di ọ̀kan ṣoṣo. A dá ọwọ́ dúró níbẹ̀, nítorí pé 100 ni òfin gba ọkọ̀ kékeré láàyè dé lójú ọ̀nà márosẹ̀ ilẹ̀ wa. A kò ní purọ́ fún yín: ó dùn. Àwa àgbàlagbà rẹ́rìn-ín nínú akoto bí ọmọdé. Àwòdì tí ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Bí ó ti rí nìyẹn gẹ́lẹ́. Ẹni tí ó bá sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ohun náà kò dùn, ọmọ náà kò ní gba ọ̀rọ̀ tí ó kù gbọ́.

Bíréèkì rẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Àwo irin méjì ni ó wà ní táyà iwájú, ìka méjì péré ni ènìyàn fi ń mú un. Kọ̀ǹpútà kì í jẹ́ kí táyà há pa nígbà tí a bá mú bíréèkì, kì í sì í jẹ́ kí táyà ẹ̀yìn yí lófo bí a bá fún un níná jù. Ohun tí ń wọn bí kẹ̀kẹ́ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tún wà nínú rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè mọ ìwọ̀n bíréèkì tí kọ́nà gbà.

EWÚRẸ́ HAWAN KIBO

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ọ̀nà Abuja mọ Hawan Kibo dáadáa, níbi tí òkè wa yìí ti já sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, tí ọ̀nà ń lọ́ bí ejò. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé ẹni tí ó ṣe alùpùpù yìí mọ iṣẹ́. Ibi tí ojú bá wò ni ó ń tẹ̀ sí, láìbá ènìyàn jà. Ẹni tí kò bá ṣọ́ra yóò rò pé ọgbọ́n ara òun ni.

Lẹ́yìn kọ́nà kan, ewúrẹ́ mẹ́ta dúró sí àárín títì. Ìmọ̀ràn ọmọ wa ni a ń tẹ̀ lé, nítorí náà eré wa kò ju 45 lọ. A mú bíréèkì, a dúró, àwọn ewúrẹ́ wò wá, wọ́n sì kọjá lọ ní tiwọn. Nígbà tí a dúró síbẹ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ìṣirò, a sì fẹ́ kí ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ bá wa ṣe é.

Ẹni tí ń sá 50 ní wákàtí kan ń lọ mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ń sá 100 ń lọ mítà 28. Ẹni tí ń sá 200 ń lọ mítà 56. Láti ìgbà tí ojú bá rí ewúrẹ́ títí di ìgbà tí ọwọ́ yóò fi mú bíréèkì, bí ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó máa ń gbà, kò sí owó tí a fi lè ra èyí tí ó kéré púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo mítà yẹn ni kẹ̀kẹ́ yóò ti lọ kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rárá. Nígbà tí ó bá sì bẹ̀rẹ̀, bí eré bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí a óò fi dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà lè ràn wá lọ́wọ́ lórí táyà. Kò lè bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀, kò sì lè dí ihò ojú títì.

Àwọn tí ń ṣe é pàápàá mọ èyí. Hayabusa ti 1999 kọjá 300 ní wákàtí kan, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ń múra láti kọjá rẹ̀. Ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí kùn. Nígbà tí ó fi máa di nǹkan bí ọdún 2000, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá fohùn ṣọ̀kan pé kí alùpùpù wọn má ṣe kọjá 299. Èyí tí a gùn yìí náà, 299 ni wọ́n dè é mọ́. Mítà 83 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù.

Nítorí náà, ohun tí a rí ni pé kì í ṣe agbára alùpùpù yìí ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù, bí kò ṣe ìrọ̀rùn rẹ̀. Agbára tí ń pariwo, ọmọdé pàápàá a máa sá fún un. Èyí tí ó rọra ń gbé ènìyàn lọ láìsọ fún un ni ó ń pa ni. Eré àsápajúdé lórí kẹ̀kẹ́ yìí kò rí bí eré lójú ẹni tí ń sá a. Ẹni tí yóò gùn ún gbọ́dọ̀ ti kọ́ ìkóra-ẹni-níjàánu láti ibòmíràn wá, nítorí pé kẹ̀kẹ́ náà kò ní kọ́ ọ.

ÌMỌ̀RÀN WA

Èkíní, kì í ṣe alùpùpù àkọ́kọ́gùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 24 kò lè gba ìwé àṣẹ irú èyí àfi bí ó bá ti ní ìwé àṣẹ alùpùpù tí agbára rẹ̀ kò ju kílówáàtì 35 lọ fún ọdún méjì. Kílówáàtì 140 ni ti Hayabusa, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Kí àwọn ọmọ wa náà ti ibi kékeré bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lo ọdún méjì ó kéré tán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára.

Èkejì, akoto. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé akoto tí ó dára tí a sì dè dáadáa lè dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó sì dín ìpalára orí kù ní ìdá 69. Ẹ óò rántí pé nígbà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi òfin akoto múlẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2009, àwọn ọlọ́kadà kan ní Kano dé igbá mọ́rí. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ẹni tí ó ra kẹ̀kẹ́ olówó ńlá tí ó sì dé akoto yẹpẹrẹ kò yàtọ̀ sí wọn.

Ẹ̀kẹta, owó ẹgbẹ́. Ojú ìwòye wa ni pé kí ìgbìmọ̀ má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó àjẹṣẹ́kù fún un. Owó àwọn ìyá tí ń ta ata àti ti àwọn tí ń ránṣọ ni, ohun tí ń mú owó wọlé ni ó yẹ kí a fi ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọmọ wa kan bá fi òógùn ara rẹ̀ rà á, tí ó sì kọ́ ọ bí ó ti yẹ, kí a má ṣe sọ ọ́ di ọmọ burúkú. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ọmọ wa tí ó wá láti Abuja ti ṣe tán láti kọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi, bí àwọn òbí wọn bá fọwọ́ sí i.

Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé tí ń bọ̀. Kí àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì wá, kí àwọn ìyá wọn náà wá, kí olúkúlùkù sọ tẹnu rẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Gbogbo ọmọ wa tí ń bẹ lójú ọ̀nà, lórí kẹ̀kẹ́ ńlá tàbí kékeré, Ọlọ́run yóò mú wọn délé láyọ̀.