Ògiri Tí Ó Lanu

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. A sábà máa ń pa òwe yìí láti fi kìlọ̀ fún àwọn ará ilé kan náà pé kí wọ́n má ṣe fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀tá láàrin ara wọn. Ṣùgbọ́n ní òní, ògiri gan-an ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: ohun tí ó ń mú un lanu, àti bí onílé ṣe lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹnu náà dé.

Ìbéèrè tí ó gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde wá láti ẹnu baba kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń gbé inú ilé alámọ̀ tí baba rẹ̀ kọ́. Ó ní: “Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ra sìmẹ́ǹtì, mo pe bíríkìlà, a sì rẹ́ gbogbo ògiri ìta. Kò pẹ́ tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí ó fi là. Mo tún un rẹ́. Ní báyìí, ó ń ṣí bọ́ ní abala-abala, ìsàlẹ̀ ògiri sì ń tutù ní gbogbo ìgbà. Àwọn ọmọ mi ní kí n wó ilé náà, kí a fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Ṣé kò sí bí mo ṣe lè tún ilé baba mi ṣe ni?”

Ìdáhùn wa ni pé ó ṣeé ṣe kí ilé náà ní àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí baba yìí ti ń ṣe láti ọdún mẹ́ta kì í ṣe àtúnṣe. Aṣọ ni ó ń dà bo egbò. Ẹni tí yóò bá tún ilé ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé: kí ni ó la ògiri yìí? Bí kò bá tí ì rí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí, kí ó má tí ì po yanrìn.

Amọ̀ àti Sìmẹ́ǹtì

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun méjèèjì tí baba yìí fẹ́ so pọ̀. Amọ̀ tí àwọn baba ńlá wa fi mọlé jẹ́ ilẹ̀ pupa tí a fi omi pò, tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí a sì mọ ní ìpele-ìpele, tí ìpele kan ń gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ dà bí ohun tí ó ń mí. Ní ìgbà òjò, a máa fa ọ̀rinrin mu, a sì wú díẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, a máa tú ọ̀rinrin náà jáde, a sì sún kì.

Sìmẹ́ǹtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1824 ni Joseph Aspdin, bíríkìlà kan ní ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ lórí irú èyí tí a ń pè ní Portland. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1960, ohun tí a ń fi ọkọ̀ òkun gbé wá tẹ́lẹ̀ di ohun tí a ń ṣe ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀. Ilé alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ sì di àmì pé ojú onílé ti là. Ṣùgbọ́n bí sìmẹ́ǹtì bá ti dì, ó ti le nìyẹn; kì í bá amọ̀ wú, kì í sì í bá a sún kì. Nítorí náà, yóò là tín-ín-rín. Òjò yóò gba ibẹ̀ wọlé, omi náà kò sì ní rí ọ̀nà jáde kíákíá, nítorí pé sìmẹ́ǹtì ti dí i. Amọ̀ tí ó wà lẹ́yìn yóò máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, títí abala sìmẹ́ǹtì yóò fi ya bọ́. Bí baba yìí bá yí ẹ̀yìn abala tí ó bọ́ wò, yóò rí amọ̀ ilé baba rẹ̀ tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Èyí fi hàn pé ohun tí ó fi dáàbò bo ògiri ni ó ń jẹ ògiri.

Kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó mú kí àwọn ìyá wa máa fi bọ́tọ àti amọ̀ rẹ́ ilé, tàbí kí àwọn Haúsá máa fi omi tí wọ́n fi èèpo èso igi irú rẹ kun ògiri. Ohun tí ó bá amọ̀ mu ni wọ́n ń lò, wọ́n sì mọ̀ pé àtúnṣe ilé alámọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀nà Mẹ́ta Tí Omi Ń Gbà

Kí onílé tó fọwọ́ kan ògiri, kí ó dí ọ̀nà omi. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni òkè. Kí ó wo páànù ní ọjọ́ tí òjò ń rọ̀, kí ó sì sàmì sí ibi tí ó ń jò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ìṣó ni omi ń gbà. Ibi tí páànù gbé yọ sókè ni a ń kan ìṣó mọ́, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀ tí omi ń gbà kọjá. A sì gbọ́dọ̀ fi rọ́bà sí abẹ́ orí ìṣó náà.

Ọ̀nà kejì ni ẹ̀gbẹ́. Bí etí páànù kò bá yọ síta tó, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òjò yóò máa ta sí ìdí ògiri. Kí etí páànù ilé alámọ̀ yọ tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ káfíńtà ni.

Ọ̀nà kẹta ni ilẹ̀. Bí a bá ti òwú fìtílà bọ inú epo, epo yóò gun òkè, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fà á. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi ilẹ̀ ṣe ń gun ògiri. Ìsàlẹ̀ yóò máa tutù, ohun funfun bí iyọ̀ yóò sì máa hù sí i lára. Ìwòsàn èyí ni kí a gbẹ́ ojú àgbàrá tí yóò gbé omi lọ kúrò nídìí ilé, kí a mú kí ilẹ̀ àgbàlá dagun sẹ́yìn, kí a má sì ṣe gbẹ́ kòtò balùwẹ̀ sí ẹ̀bá ògiri. Gbogbo ìwọ̀nyí kò ju iṣẹ́ ọkọ́ àti ṣọ́bìrì lọ.

Bí A Ṣe Ń Ka Ojú Ibi Tí Ó Là

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé ìwé nìkan kọ́ ni ènìyàn ń kà. Ògiri pẹ̀lú ṣeé kà. Èyí tí ó là tín-ín-rín bí irun, tí kò fẹ̀ ju mìlímítà 1 lọ, sábà máa ń jẹ́ ti ojú ohun tí a fi rẹ́ ògiri nìkan. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá dágẹ̀rẹ́ láti igun fèrèsé tàbí láti orí àtẹ́rígbà ẹnu ọ̀nà, tí òkè rẹ̀ sì fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, ń sọ fún wa pé apá kan ìpìlẹ̀ ń rì.

Láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń là sí i, kí onílé mú pẹ́ńsù, kí ó fa ìlà kékeré sí òpin rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, kí ó fi rúlà wọn bí ó ti fẹ̀ tó, kí ó sì kọ déètì sí i. Kí ó máa wò ó lóṣooṣù títí òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ yóò fi kọjá. Bí kò bá sún, ó ti dákẹ́ nìyẹn, a lè dí i. Bí ó bá ń gùn sí i, tàbí tí ó fẹ̀ ju mìlímítà 5 lọ, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ onílé. Kí ó pe ẹnjiníà.

Iṣẹ́ Ọwọ́ Onílé

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ni ó yẹ kí baba yìí bẹ̀rẹ̀. Kí ó ṣí sìmẹ́ǹtì tí ó ti ya kúrò lára ògiri nìkan. Kí ó má fi agbára lu èyí tí ó ṣì lẹ̀ pinpin. Bí ìdí ògiri bá rọ̀ bí ẹ̀kọ, kí ó dúró, kí ó pe ẹni tí ó mọṣẹ́ kí wọ́n fi igi ti ògiri náà kọ́kọ́. Bí kò bá rọ̀, kí ó jẹ́ kí ó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Lẹ́yìn èyí, kí ó wá ilẹ̀ tí ó jọ ti ògiri náà. Kí ó fi yanrìn díẹ̀ pò mọ́ apá kan, kí ó fi púpọ̀ pò mọ́ apá kejì, kí ó fi koríko gbígbẹ gígé kún un, kí ó sì fi ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan rẹ́ ibi kékeré wò. Èyí tí ó bá gbẹ láìlà ni kí ó lò. Kí ó gbá eruku kúrò, kí ó fi omi wọ́n ojú ògiri, kí ó sì rẹ́ ẹ ní ìpele tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, kí oòrùn má tètè mú un.

Ẹni tí ilé tirẹ̀ jẹ́ ti búlọ́ọ̀kù lè lo sìmẹ́ǹtì láìsí ewu yìí: òṣùwọ̀n sìmẹ́ǹtì 1 sí yanrìn 5. Ṣùgbọ́n kí ó rántí pé kì í ṣe gbígbẹ ni ó ń mú sìmẹ́ǹtì le. Omi ni ó ń bá ṣiṣẹ́ pọ̀ tí ó fi ń dì. Nítorí náà, kí ó máa fi omi wọ́n ọn fún ọjọ́ 7.

Ibi Tí Ọwọ́ Onílé Mọ

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kò yẹ onílé rárá. Kí ó má ṣe lu ògiri tí ó gbé òrùlé tàbí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dúró. Kí ó má ṣe fọwọ́ kan wáyà iná mànàmáná inú ògiri. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ilé tí a kọ́ ní ọdún 1960 sí 1980 ni a fi asbestos ṣe àjà tàbí òrùlé wọn. Bí a bá fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí tí a fọ́ ọ, eruku rẹ̀ a máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè di jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ó ní in, tí kò tí ì fọ́, kí ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti fọ́, kí ó wá àwọn tí ó mọ bí a ti ń kó o.

A kò gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan tí ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta-Fájì ní Èkó. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wà lára àwọn tí ó kú. Àwọn aláṣẹ sọ pé a ti sàmì sí ilé náà tẹ́lẹ̀ pé kí a wó o. Láti òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Ẹni tí ó rí ògiri tí ó lanu, tí ó fi ọ̀dà kùn ún kí àlejò má baà rí i, kò tíì ṣe ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ wa sí baba wa nìyí: ẹ má tí ì wó ilé náà, ẹ má sì tí ì ra sìmẹ́ǹtì. Ẹ gbé omi kúrò nídìí rẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ó là, kí ẹ sì máa wò ó títí ọdún yóò fi yí po. Bí ó bá dákẹ́, ẹ pe àwọn ọmọ wálé kí ẹ jọ po amọ̀. Bí ó bá ń là sí i tí ẹnjiníà sì ní kí ẹ jáde, ẹ jáde. Baba yín kọ́lé kí ọmọ lè rí ibi gbé ni. Kò kọ́ ọ kí ó lè wó pa ọmọ.

Ó dìgbà kan ná o.