Wákàtí 300: Bí Ẹni Tó Ń Kọ́ Kóòdù Fúnra Rẹ̀ Ṣe Lè Pín In

Lọ́dún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ dá ètò 3MTT sílẹ̀ lábẹ́ mínísítà Bosun Tijani, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ kọ́ mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. 30,000 èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ mú. Àwọn tí kò wọlé pọ̀ jùyẹn lọ dáadáa, ìyẹn ò sì ní kí wọ́n pa ìfẹ́ kóòdù tì. Ní Adigbe l'Abẹ́òkúta, tí kò jìnnà sí ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe MAPOLY ní Ojere, akẹ́kọ̀ọ́, télọ̀ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ní fóònù lọ́wọ́ lè bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní láìsan owó ilé-ìwé. Bíbẹ̀rẹ̀ ò le. Àtiparí ẹ̀ ló le.

Justin Reich àti José Ruipérez-Valiente gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science lọ́dún 2019, lórí ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ti yunifásítì Harvard àti MIT. Nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó forúkọ sílẹ̀ ní sáà 2017 sí 2018, bíi mẹ́ta péré ló parí. Òótọ́ ni pé àwọn mìíràn kàn fẹ́ yọjú wò ó ni. Síbẹ̀, èrò mi ni pé ọ̀pọ̀ ló já sọ́nà nítorí pé ìtara ni wọ́n fi ṣètò, wọn ò wo aago.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. freeCodeCamp, àjọ tí Quincy Larson dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2014 láti kọ́ni ní kóòdù lọ́fẹ̀ẹ́, ti pẹ́ tó ti ń fojú bu ẹ̀kọ́ ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí wákàtí 300. Ẹni tó bá fẹ́ parí rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 12 gbọ́dọ̀ rí wákàtí 25 lọ́sẹ̀. Ẹni tó ń ti ṣọ́ọ̀bù ní aago méje alẹ́, níbo ni yóò ti rí i? Wákàtí mẹ́fà ló bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu: wákàtí kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ mẹ́rin, méjì ní Sátidé. Ọ̀sẹ̀ 50 nìyẹn. Kí ó tún fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ lófìfo lẹ́yìn mẹ́rin-mẹ́rin, torí àìsàn, ìnáwó ẹbí àti ìdánwò ò ní ṣàì dé. Ìparí á wá sún sí nǹkan bí oṣù kẹrìnlá. Ó jìnnà, àmọ́ ó ṣeé dé.

Kí ló dé tí kò fi ní kó wákàtí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí Sátidé? Hermann Ebbinghaus ará Jámánì ti dáhùn èyí láti ọdún 1885. Ara rẹ̀ ló fi dán an wò: ó ń kọ́ ọ̀wọ́ sílébù tí kò nítumọ̀ sórí. Èyí tó kà nígbà 68 léraléra lọ́jọ́ kan kò dúró sórí rẹ̀ ju èyí tó kà nígbà 38 péré, tó pín in sí ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí èèyàn fi sílẹ̀ díẹ̀, tó sì tún tiraka láti rántí, ló ń wọ̀ ọ́ lára. Nítorí náà, kí olùbẹ̀rẹ̀ máa fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ kọ kóòdù àná láìwo ìwé.

Iná ilé-iṣẹ́ mànàmáná IBEDC kì í sábà bá àkókò ẹni mu, dátà sì wọ́n. Áàpù Pydroid 3 lórí fóònù Android ń ṣiṣẹ́ èdè kóòdù Python láìsí íntánẹ́ẹ̀tì bí wọ́n bá ti gbé e sórí fóònù tán. Ìwé àlàyé Python náà ṣeé gbà sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì jẹ dátà bíi fídíò. Lálẹ́ tí iná àti bátìrì bá jọ kú, ẹ mú báírò, ẹ kọ kóòdù ìlà mẹ́wàá sínú ìwé, kí ẹ sì kọ iye tó wà nínú variable (orúkọ tí kóòdù fi ń tọ́jú iye) kọ̀ọ̀kan bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe ń kọjá. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ẹ kà á mọ́ wákàtí ọ̀sẹ̀ náà.

Python yìí, tí Guido van Rossum ará Netherlands gbé jáde lọ́dún 1991, ni mo máa gba olùbẹ̀rẹ̀ níyànjú kó mú, kó sì fi ìwé alájọ kọ́ ọ. Oníbàárà ń dá 500 náírà lójúmọ́; bí oṣù bá pé ọjọ́ 30, owó rẹ̀ jẹ́ 15,000, alájọ á yọ owó ọjọ́ kan, oníbàárà á gba 14,500. Oṣù àkọ́kọ́ tó láti kọ ìṣirò yìí fún ẹnì kan. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè á máa jáde fúnra wọn. Bí oníbàárà bá pa ọjọ́ mélòó kan jẹ ńkọ́? Bí kò bá dá rárá, ṣé alájọ á tún yọ owó ni? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ if, tí kóòdù fi ń yan ohun tó máa ṣe, ti wúlò. Bí oníbàárà bá di 40, kò sẹ́ni tó máa kọ ìṣirò kan náà nígbà 40. List á tọ́jú orúkọ wọn, loop á sì mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí olùbẹ̀rẹ̀ bá pa fóònù, tí gbogbo orúkọ sì parẹ́, yóò mọ ìdí tí fáìlì fi wà. Ẹni tó ń wo fídíò tẹ̀lé fídíò máa ń rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, àfi ìgbà tó bá kò ojú-ewé òfìfo lójú. Bákan náà ni ChatGPT: ó dára kó ṣàlàyé àṣìṣe, kó má ṣe bá yín kọ kóòdù.

Bí ọ̀sẹ̀ òfìfo bá dé tí àìsàn tàbí ìnáwó ò gbà á, ẹ ṣí ojú-ewé tuntun, kí ẹ kọ kóòdù ìwé alájọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ láìwo ti tẹ́lẹ̀. Ibi tó bá ti há ni oṣù tó ń bọ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀, ohun yòówù kí ìwé ètò tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri sọ.