Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Àwọ̀n tí a dẹ sílẹ̀ lódò

Àwọ̀n tí wọ́n dẹ mọ́jú ní agbègbè Ìgbókòdá ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó kì í lé ẹja. Ẹja ló ń wá bá a, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgèrè àti okùn ìwọ̀. Nítorí náà, ojú àwọ̀n ló ń yan ohun tí yóò wọnú ọkọ̀. Ẹ na ojú kan gbọọrọ, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti kókó dé kókó tó kọjú sí i. Bó bá kéré jù, ọmọ ẹpìyà tí kò tíì yé ẹyin rí ló máa há.

Ẹ má fi àwọ̀n dí odò láti bèbè dé bèbè. Ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ń kọjá lóru, ẹja náà sì ń wá ọ̀nà lọ yé ẹyin. Ẹ so ohun tó léfòó tó sì hàn mọ́ àwọ̀n náà, kí ẹ kọ orúkọ yín sí i. Ní 2018, ìgbìmọ̀ ẹja pípa ti FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, fọwọ́ sí ìlànà sísàmì sí irinṣẹ́ apẹja.

Àwọ̀n ọ̀rá tó sọnù kì í tètè jẹrà. Ó ń pa ẹja lọ láìsí olówó rẹ̀. Ti àwọn tó ń da kẹ́míkà oko sódò láti fi pa ẹja ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, àwọn kan ń bu omi yẹn mu. Òfin ìpẹja ojú òkun ti Nàìjíríà ti 1992 náà ka májèlé àti àdó olóró léèwọ̀.