Láti Savalou dé Bantè: Ọ̀nà Àárín Òkè

Òkè ni ojú ń kọ́kọ́ bá ní Savalou. Àpáta dúdú yọrí láàárín ilé onípáànù, koríko sì hù sí gbogbo ibi tí òkúta ti là. Nígbà tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ sọ ẹ̀kùn mẹ́fà di méjìlá ní ọdún 1999, òkè wọ̀nyí ni wọ́n fi sọ ẹ̀kùn yìí lórúkọ: Collines, “àwọn òkè” ní èdè Faransé. Savalou àti Bantè wà lára ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà inú rẹ̀.

Mo gba iwájú ààfin Gbaguidi kọjá. Gbaguidi ni oyè ọba ìlú náà, Soha sì ni ìtàn kà sí ẹni tó tẹ ìjọba wọn dó. Àwọn àgbà sọ pé láti ìhà adágún Ahémé ní gúúsù ni ìran rẹ̀ ti ṣí wá, àti pé àwọn Nàgó, Yorùbá bíi tiwa, ló bá nílẹ̀. Màhì ni ará Savalou ń pe ara wọn lónìí, èdè wọn sì sún mọ́ Fọ̀n. Nígbà tí ọmọ ogun Dàhòmì ń ti Àgbómẹ̀ jáde wá kó ẹrú, orí àpáta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn agbègbè yìí ń sá sí. Àwọn tí ọwọ́ tẹ̀ di ẹni òkè òkun. Ní Bahia, ní Bràsíìlì, àwọn ilé òrìṣà kan ṣì ń pe ìlànà ìsìn wọn ní Jeje Savalu.

Ní ọjà, gaàrí sohui ni àwọn obìnrin ń wọ̀n: ó kúná, ó gbẹ, ó ń ró lẹ́nu. Iṣu ló ni ọlá jù, àgàgà láboko. Ní 15 oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ ìlú máa ń ti Kutọnu àti ibòmíràn wá sílé fún ọdún iṣu.

Bí a ṣe forí lé àríwá, mo sọ̀ kalẹ̀ ní Dankoli, ojúbọ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà gan-an. Epo ti mu òkìtì náà dúdú, èèkàn igi sì kún ara rẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ á gbá èèkàn mọ́ ọn, á sọ ohun tó ń fẹ́, á da epo pupa lé e, á sì fẹnu fín sodabi, ògógóró ibẹ̀, sí i. Bí ẹ̀bẹ̀ bá gbà, dandan ni kó padà wá san ẹ̀jẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹlẹ́bẹ̀ léèrè ìran tó ti wá.

Lápá ìwọ̀ oòrùn ni Doumè wà, ibi tí ìsìn òrìṣà Nàná Bùkúù ti fìdí múlẹ̀, àti Tchetti, ìlú àwọn Ifẹ̀ tí èdè wọn bá ti Atakpamé ní Tógò mu. Ààlà tí Faransé àti Jámánì fà ní ọdún 1897 ló fi àwọn kan sí Bẹ̀nẹ̀, tó fi àwọn kan sí Tógò.

Savalou sí Bantè lé ní 50 kìlómítà. Ìgbà òjò méjì ni gúúsù Bẹ̀nẹ̀ ń ní lọ́dún, ẹyọ kan ni àríwá ń ní. Àárín méjèèjì ni ibí wà. Ebè iṣu ló kọ́kọ́ tẹ́ lọ, lẹ́yìn náà oko kajú gba ojú ọ̀nà. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni ìjọba ti fòfin de kíkó kajú tútù lọ sókè òkun, kí ilé iṣẹ́ abẹ́lé lè máa ṣe é.

Ní Bantè, Ìcà, tó bá Yorùbá wa tan, ni èdè ilé. Mo kí ìyá kan tó ń sá ẹ̀gẹ́: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá.” Ó dá mi lóhùn ní Ìcà. Ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, ṣùgbọ́n n kò wá ògbufọ̀.

Ètò ìkànìyàn ọdún 2013 ka ènìyàn 107,181 ní Bantè, ó ka 144,549 ní Savalou. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà ló máa ń parí ilẹ̀ Yorùbá sí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Ọ̀nà yìí ṣì kọjá Pira lọ sí Bassila, níbi tí àwọn ará Manigri ti ń sọ Nàgó. Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán ilẹ̀ Yorùbá, kó kọ́kọ́ rin ọ̀nà yìí tán.