Kí Ọmọ Mọ Ohun Tó Pàtẹ

Bí ìpàtẹ iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì bá ti ń sún mọ́lé báyìí, àwọn òbí á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú sí mi ní láàbù. "Tíṣà, kí ni ká rà?" Àwọn mìíràn á ti bá káfíńtà dúnàádúrà lórí pátákó kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ tó ni iṣẹ́ á wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, á máa wòran. Èmi a ní kí wọ́n má tíì ra nǹkan kan, kí ọmọ kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ mọ̀.

Ìpàtẹ tó lókìkí jù lọ láàárín àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lágbàáyé ni ISEF, tó bẹ̀rẹ̀ nílùú Philadelphia ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1950. Wò ó bí wọ́n ṣe ń pín máàkì níbẹ̀. Nínú 100, pátákó àfihàn gba 10 péré, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò láàárín ọmọ àti adájọ́ gba 25. Ìbéèrè tí ọmọ gbé wá gba 10, ètò tó ṣe láti rí ìdáhùn gba 15, bó ṣe ṣe iṣẹ́ náà tó sì tú èsì rẹ̀ wò gba 20, ọgbọ́n àtinúdá gba 20. Ilé ẹ̀kọ́ wa n'Íbàdàn kò tíì dé ISEF, àmọ́ ìwọ̀n yẹn ni mo fi ń wọn iṣẹ́ àwọn ọmọ mi. Ibi tí owó àwọn òbí ń lọ gan-an ni máàkì ò pọ̀ sí.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, tí ìyá rẹ̀ ń ta tòmátì, kà nípa Mohammed Bah Abba, olùkọ́ ará Jigawa tó gba ẹ̀bùn Rolex lọ́dún 2000. Ìkòkò amọ̀ kékeré ni ọkùnrin yìí gbé sínú ńlá, ó da yanrìn tútù sáàárín méjèèjì. Omi inú yanrìn á máa là jáde lára ìkòkò ìta, atẹ́gùn á gbé e lọ, ooru á bá a lọ, ohun tó wà nínú á sì tutù. Ọmọ náà fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Mo ní, "Iṣẹ́ Abba nìyẹn. Èwo ni tìẹ?" Ó lọ rò ó, ó padà wá: "Mà, ilẹ̀ Hausa gbẹ. Ṣé á ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn bí òjò bá bẹ̀rẹ̀?" Iṣẹ́ dé nìyẹn.

Inú apẹ̀rẹ̀ kan náà ló ti ṣa gbogbo tòmátì rẹ̀, èyí tó pọ́n dọ́gba. Ó kó ìdajì sínú ìkòkò, ó fi ìdajì sínú agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lábẹ́ òjìji kan náà. Bí kò bá sí ti inú agbọ̀n, kò sí ohun tó máa fi ti inú ìkòkò wé. Bíírò ló fi ń kọ bí inú ìkòkò àti ìta ṣe gbóná tó sínú ìwé, kò gbọdọ̀ pa ohunkóhun rẹ́. Nígbà ọyẹ́, inú ìkòkò tutù ju ìta lọ dáadáa. Òjò wá dé, ó fi tòmátì mìíràn tún un ṣe, ó kọ ọ́ báyìí: "Ọ̀sán. Òjò ṣú. Inú ìkòkò 27, ìta 28. Méjì ti hu funfun." Ó fajú ro wá bá mi: "Mà, kò ṣiṣẹ́." Mo ní èsì rẹ̀ gan-an nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tí omi ti kún inú rẹ̀ kì í gba omi púpọ̀ mọ́. Ìdí kan náà ni aṣọ tí a sá kì í fi í tètè gbẹ lásìkò òjò. Ọmọ tó pa 27 yẹn rẹ́ ti ju iṣẹ́ rẹ̀ nù.

Ìbéèrè adájọ́ ló kù. Lọ́dún 2012, ní Maker Faire Africa l'Ékòó, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin pàtẹ jẹnẹrétọ̀ tó ń lo háídírójìn tí wọ́n yọ láti inú ìtọ̀. Ìròyìn náà tàn káàkiri ayé, àwọn onímọ̀ sì béèrè pé: iná tí wọ́n fi yọ háídírójìn náà ńkọ́, ṣé kò ju èyí tí wọ́n rí padà lọ? Ọmọ tó bá ti bi ara rẹ̀ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nílé kò ní kólòlò níwájú ẹnikẹ́ni.

Ní ti pátákó, ìbéèrè àti ọ̀nà ìṣe lápá òsì, àwòrán ìṣirò láàárín, èsì lápá ọ̀tún, ó tán. Kí ọmọ máa ya fọ́tò bó ṣe ń ṣe é, nítorí ní ISEF, oúnjẹ àti omi ò gbọdọ̀ dé ibi àfihàn. Bàbá gèètì wa ni mo ń ní kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún, láìwo ìwé. Bí kò bá yé Bàbá, kí wọ́n padà lọ tún un ṣe. Mo tún ń kọ́ wọn láti wo adájọ́ lójú, nítorí a ti kọ́ wọn nílé pé kí wọ́n má wo àgbà lójú. Bí ìbéèrè bá sì ju agbára wọn lọ, kí wọ́n ní, "Mi ò tíì wo ìyẹn, sà, àmọ́ báyìí ni màá ṣe wádìí ẹ̀."

Ẹ̀yin òbí, ẹ ra ìkòkò, ẹ yá ọmọ ní òṣùwọ̀n ooru, ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ èsì rẹ̀. Lọ́jọ́ ìpàtẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó sẹ́yìn. Ọmọ ni adájọ́ wá bá sọ̀rọ̀.